Kí Ẹ Tó Ra Oògùn, Ẹ Fọwọ́ Kan Àjẹsí

Àjẹsí ni àpò tó wà nísàlẹ̀ ọrùn adìyẹ, lápá ọ̀tún, níbi tí ọrùn ti pàdé àyà. Ibẹ̀ ni oúnjẹ kọ́kọ́ ń dúró sí kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá iwe. Bí adìyẹ bá jẹun yó ní ìrọ̀lẹ́, àpò yìí á kún, á sì yọ síta débi pé ẹni tó dúró lókèèrè á rí i. Ní ìdájí, kí wọ́n tó da oúnjẹ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti fọn pátápátá. Ọmọ adìyẹ tí àjẹsí rẹ̀ ṣófo ní alẹ́ kò jẹun. Èyí tí tirẹ̀ ṣì kún ní ìdájí, oúnjẹ àná kò tíì kúrò níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà lórí gbólóhùn méjì yẹn, àti lórí ìdí tí àwọn èèyàn wa ní Àbíjàn fi ń náwó oògùn kí wọ́n tó na ìka.

Àwọn Yorùbá ti pẹ́ ní Àbíjàn. Láti Ejigbo ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọkọ̀ ń gbéra tààrà lọ síbẹ̀: á gba Sèmè wọ Benin, á gba Hillacondji wọ Togo, á la Gáńà já láti Aflao dé Elubo, kó tó wọ Côte d'Ivoire ní Noé. Wọ́n ti rin ọ̀nà náà títí tí èdè Faransé fi di ohun tí ènìyàn lè gbọ́ lójú pópó ní Ejigbo fúnra rẹ̀. Treichville àti Adjamé ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń tajà. Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe é fún á ra ilẹ̀ sí Abobo, Anyama tàbí Bingerville, á kọ́lé, á sì fi ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ fún ohun ọ̀sìn. Adìyẹ ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ogún péré fún ọbẹ̀. Ẹlòmíràn á kó igba tàbí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta òròmọdìyẹ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, kí wọ́n lè tó ó tà fún Kérésìmesì.

Ìdí wà tí òwò náà fi wọ̀ wọ́n lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ẹran adìyẹ dídì olówó pọ́ọ́kú láti Yúróòpù kún ọjà Àbíjàn débi pé àwọn tó ń sin tiwọn nílé kò rí ẹni rà á. Ní 2005, ìjọba bu owó 1,000 fáráǹkì CFA lé kílò kọ̀ọ̀kan irú ẹran bẹ́ẹ̀ tó bá wọlé, àwọn olùsìn adìyẹ sì rí ààyè mí. Ilé-iṣẹ́ ńlá wà nínú òwò náà: SIPRA tó ti wà láti 1976, tó ń ta adìyẹ rẹ̀ lórúkọ Coqivoire, àti FOANI ní Agnibilékrou. Àwọn yẹn ní dókítà ẹran tiwọn. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ìyá tó ń ta aṣọ ní Treichville ní ọ̀sán, tó ń bomi fún òròmọdìyẹ ní Abobo ní alẹ́, tí kò sì ní dókítà mìíràn ju ẹni tó ta oògùn fún un lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ọmọ adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú èèpo máa ń gbé ìyókù pupa ẹyin sínú ikùn wáyé. Ohun náà lè gbé e ró fún nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, òun ni wọ́n fi lè kó o sínú páálí láti ibi tí ẹ̀rọ ti sàba lé e dé àgbàlá yín láìjẹ, láìmu. Àánú Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀. Èyí tí kò tíì fi ẹnu kan oúnjẹ rárá á ṣì máa sáré kiri, á máa ké, ẹ ó sì rò pé ara rẹ̀ le. Bí ọjọ́ kẹrin bá pé, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹni tó ni ín á sì sáré lọ ra oògùn fún àrùn tí kò sí.

Ẹ má dúró dọjọ́ kẹrin. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, ẹ mú bíi 30 sí 40 láti igun oríṣiríṣi, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì tẹ àjẹsí wọn jẹ́ẹ́jẹ́. Bó bá kún, tó rọ̀, tó rí roboto, oúnjẹ àti omi ti pò pọ̀ níbẹ̀, ọmọ náà ti mọ̀nà. Bó bá le, tí ìka yín sì ń bá èérún oúnjẹ pàdé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹun ṣùgbọ́n kò rí omi mu tó. Bó bá wú, tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju omi lọ, oúnjẹ ni kò rí. Bí kò bá sí ohunkóhun níbẹ̀, òtútù tàbí ooru ló dá a dúró, tàbí kí abọ́ oúnjẹ jìnnà sí i jù. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni irú adìyẹ ẹran bíi Ross àti Cobb, tó tàn ká ayé, kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́ni tí wọ́n ń fún àwọn oníbàárà wọn pé nígbà tí wákàtí 24 bá fi máa pé, ó kéré tán, 95 nínú 100 gbọ́dọ̀ ti ní oúnjẹ nínú àjẹsí. Bí tiyín bá jẹ́ 70, kì í ṣe oògùn ló kù. Ẹ lọ wo iná, ẹ lọ ka abọ́.

Lórí ọ̀rọ̀ iná yìí, ìgbàgbọ́ kan wà ní Àbíjàn tó ń pa ọmọ adìyẹ: pé ìlú gbóná, kí ni a ó máa fi èédú tàbí gílóòbù ṣòfò fún? Òròmọdìyẹ ọ̀sẹ̀ kìíní ń fẹ́ nǹkan bí 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius níbi tó dùbúlẹ̀ sí gan-an. Ní oṣù kẹjọ, tí atẹ́gùn òkun bá ń fẹ́ wá láti Port-Bouët, òru Àbíjàn lè wálẹ̀ dé bíi 22. Ènìyàn á ní ara tu òun. Ọmọ adìyẹ á kóra jọ sí igun, kò ní lọ síbi oúnjẹ, kò ní lọ síbi omi. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, bí àjẹsí rẹ̀ ṣe ṣófo lánàá náà ló ṣe máa ṣófo. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tutù mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ti rí ìdáhùn.

Bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀, ìṣòro á yí padà: àjẹsí tí kò fẹ́ kún tẹ́lẹ̀ á di èyí tí kò fẹ́ fọn. Adìyẹ kò ní eyín. Àjẹsí ló ń rin oúnjẹ, iwe ló ń fi òkúta wẹ́wẹ́ tó ti gbé mì lọ̀ ọ́. Ohun tó bá gùn, tó ní fọ́nrán, tí omi kò sì lè sọ di rírọ̀, á lọ́ mọ́ra ní ẹnu ibi tó yẹ kí oúnjẹ gbà jáde, gbogbo ohun tó bá tẹ̀lé e á sì dì lé e lórí. Koríko gígùn ló sábà ń fà á. Pákó tí àwọn káfíńtà fá sílẹ̀, tí a tẹ́ sábẹ́ wọn, ń ṣe é fún àwọn kéékèèké, pàápàá tí abọ́ oúnjẹ bá ṣófo láti ọ̀sán di alẹ́ tí ẹni tó ni wọ́n kò tíì ti ọjà dé. Èyí tí wọ́n ń fún ní odindi àgbàdo láìfún un ní òkúta wẹ́wẹ́ náà lè bá a pàdé. Ní àgbàlá Àbíjàn, ẹ tún fi ohun méjì kún un tí ìwé àwọn òyìnbó kì í mẹ́nu bà: irun àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní mèche, tó ń já bọ́ níbi tí àwọn obìnrin bá ti ń dirí, àti fọ́nrán tó ń tú lára àpò ìrẹsì. Ọ̀rá ńkọ́? Ìjọba gbé òfin jáde ní 2013 láti fòpin sí àpò ọ̀rá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ní Abobo lẹ́yìn òjò mọ̀ pé adìyẹ kò tíì gbọ́ nípa òfin náà.

Adìyẹ tí àjẹsí rẹ̀ dì máa ń na ọrùn, á máa yí i sọ́tùn-ún sósì. Á lọ síbi oúnjẹ pẹ̀lú àwọn yòókù, á máa ṣá a lẹ́nu, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò wọlé. Ìgbẹ́ rẹ̀ á dín kù. Tí ẹ bá gbé e, eegun àyà rẹ̀ á ti mú, síbẹ̀ odindi kókó líle kan á wà lókè rẹ̀. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kàn án á ní ó yó.

Ẹ mú un kúrò láàárín àwọn yòókù, ẹ fi í sínú agbọ̀n tàbí àgò tí kò sí koríko tàbí pákó nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti lé ní oṣù kan, ẹ lè gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ fún wákàtí 12 sí 24, kó máa mu omi nìkan. Àwọn tó kéré jù bẹ́ẹ̀ kò lè fara da ebi pẹ́ tó yẹn, ẹ má dán an wò. Ẹ fa òróró díẹ̀ sínú sìríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́, òróró àgbọn dára, ìwọ̀n mìlílítà kan fún ọmọdé inú wọn, ṣíbí tíì kan fún èyí tó ti tó tà. Ẹ máa kán an sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kó fúnra rẹ̀ gbé e mì. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìka ra àjẹsí náà yípo, jẹ́ẹ́jẹ́, fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, títí tí kókó náà á fi máa tú. Ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ á ti fọn bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ẹ ó fún un lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ lílọ̀ tí a fi omi rin, díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ṣì le lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọ̀bẹ ló kù fún un: ti dókítà tàbí ti ilé ìdáná.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ má di adìyẹ ní ẹsẹ̀ mú, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ máa fún àjẹsí rẹ̀ pé kó bì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é, àwọn kan á sì búra fún yín pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà èémí adìyẹ wà ní ìdí ahọ́n rẹ̀, kò sì ní ohun tó ń dé e pa bíi ti ènìyàn. Omi kíkan tó bá rọ́ jáde láti àjẹsí á gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró, èyí tó kàn ń ṣàìsàn á sì kú sí yín lọ́wọ́.

Àwọn ìyá wa kan ní abúlé gbóyà ju ìyẹn lọ. Bí adìyẹ wọn bá jẹ oògùn eku, tàbí tó ṣá àgbàdo tí wọ́n ti fi oògùn kùn fún gbíngbìn, wọ́n á tu ìyẹ́ ibẹ̀, wọ́n á fi abẹ la àjẹsí, wọ́n á kó ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù, wọ́n á fi omi ṣàn án, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an. Mi ò ní bú wọn. Iṣẹ́ kan náà ni dókítà ẹran ń ṣe. Ìyàtọ̀ ni pé dókítà á kọ́kọ́ fi oògùn pa ibẹ̀ kú kó má baà ro ó, á rán àjẹsí lọ́tọ̀, á sì rán awọ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi òwú kan ṣoṣo gba méjèèjì kọjá á mú kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, àjẹsí náà kò sì ní lè fún oúnjẹ sísàlẹ̀ dáadáa mọ́. Fún adìyẹ ẹran tí ẹ ó tà láìpẹ́, owó iṣẹ́ abẹ kò lè padà wọlé. Fún àkùkọ tí ẹ fi ń mú irú, ẹ lè rò ó wò.

Èyí tó burú jù lójú mi ni àjẹsí kíkan, nítorí pé àwa fúnra wa ló sábà ń fà á. Àjẹsí adìyẹ tó lera ní àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus ló pọ̀ jù lára ògiri rẹ̀. Wọ́n ń mú kí ibẹ̀ kan díẹ̀, kíkan yẹn sì ń lé ọ̀pọ̀ àrùn sẹ́yìn. Láàárín wọn ni ìwúkàrà kan tó ń jẹ́ Candida albicans ti ń rọra jókòó, tí kò rí ààyè ṣe nǹkan kan. Oògùn àńtíbáyọ́tíìkì ń pa bakitéríà. Kì í pa ìwúkàrà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá da oògùn náà sómi láìnídìí, ẹ ti lé onílé jáde, ẹ sì ti kó kọ́kọ́rọ́ fún àjèjì.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òròmọdìyẹ ní ọ̀pọ̀ àgbàlá. Omi àkọ́kọ́ tí wọ́n máa mu ti ní ìyẹ̀fun inú sáṣẹ́ẹ̀tì nínú, fítámì pẹ̀lú oxytetracycline tàbí colistin, èyí tí wọ́n ń pè ní oògùn a-lé-àárẹ̀ ìrìn àjò lọ. Wọ́n á fi ṣúgà sí i. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí ọ̀kan bá sín, gbogbo wọn á tún mu òmíràn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ilé oògùn ẹran á ra kápúsù ènìyàn, á tú u sínú kóńgò omi. Irú kápúsù bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní Àbíjàn. Ọjà Roxy ní Adjamé nìkan ti di orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ oògùn orí àtẹ, bí ìjọba ṣe ń kọlù ú náà ló ń padà bọ̀ sípò. Ẹni tó ń tà á á ní, "Màmá, ẹ ṣáà bù ú sómi wọn, kó tó dọ̀túnla gbogbo wọn á ti gbéra." Òótọ́ ni pé àwọn kan á gbéra. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ẹ ó tó rí i pé ìdajì wọn kò dàgbà mọ́, ìyẹ́ wọn rí játijàti, wọ́n fún ọrùn mọ́ra, wọ́n sì dúró sí ibi kan. Ẹ bá lọ ra oògùn kẹta.

Ìka yín ìbá ti sọ fún yín. Àjẹsí tó kan kì í le. Ó rọ̀, omi kún inú rẹ̀, ó ń mì, kì í sì í fọn tán ní òru. Tí ẹ bá ya ẹnu adìyẹ náà, òórùn kíkan á kọlù yín nímú. Nígbà mìíràn ẹ ó rí èépá funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n. Èyí tó bá kú, ẹ fi ọ̀bẹ la àjẹsí rẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án: ti adìyẹ tó lera mọ́ tónítóní, ó sì ń dán, ti èyí tí Candida pa nípọn, ó funfun, ó hun kájọ bí táwẹ́ẹ̀lì ìnura. Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń bá jà jù. Adìyẹ tó ti gbó lè gbé e kiri láìsí àmì.

Ìtọ́jú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná yín ní nǹkan kan: ẹ dá oògùn àńtíbáyọ́tíìkì tí dókítà kò kọ fún yín dúró. Ẹ da omi ṣúgà nù, nítorí ṣúgà ni oúnjẹ ìwúkàrà. Ẹ fọ abọ́ omi lójoojúmọ́, kì í ṣe pé kí ẹ kàn da omi tuntun lé ti àná. Ọ̀rá yíyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì họ kúrò, kí ẹ fi Javel, ìyẹn bílíìṣì, díẹ̀ sínú omi ìfọ̀, kí ẹ sì ṣàn án dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ lọ wo àpò oúnjẹ. Oṣù kẹfà ni òjò Àbíjàn ń rọ̀ jù lọ, ọ̀rinrin á gun àpò tó bá dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì láti ìsàlẹ̀ wá, oúnjẹ náà á sì bu kí ẹ tó kan ìdí rẹ̀. Ẹ gbé e sórí pákó, kó jìnnà sí ògiri, ẹ má sì ra ju èyí tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹni tó bá ní oúnjẹ bíbu kò lè pa adìyẹ kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960: ó lé ní 100,000 ọmọ tòlótòló tó kú, wọ́n sì wá ìdí rẹ̀ títí tí wọ́n fi bá a nínú ẹ̀pà bíbu tí wọ́n kó wá láti Brazil. Ibẹ̀ ni ayé ti kọ́kọ́ mọ májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin.

Oògùn tó ń pa Candida wà. Nystatin ni, obìnrin méjì ló sì ṣàwárí rẹ̀: Elizabeth Hazen àti Rachel Brown, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìlera ìjọba Ìpínlẹ̀ New York. Inú erùpẹ̀ oko kan ní Virginia ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1950. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mú owó oògùn náà lọ sílé; wọ́n fi í fún ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Títí dòní òun ni dókítà ẹran kọ́kọ́ ń ronú kàn. Àwọn ilé oògùn ènìyàn ní Àbíjàn máa ń ní èyí tó jẹ́ omi, fún ọmọ ọwọ́ tí efu bo ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí a ń fún adìyẹ yàtọ̀, dókítà ni kó sọ ọ́. Ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni wọ́n sábà ń lò ó.

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà ṣì ń lo òkúta búlúù, copper sulfate, èyí tí àwọn olóko kòkó ń pò mọ́ ẹfun láti fi fín èso kòkó kó má baà dúdú. Ìdajì gírámù sí lítà omi kan ni ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ péré, nínú abọ́ oníke, kì í ṣe onírin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Bàbà tó bá pọ̀ nínú omi á pa wọ́n kí Candida tó pa wọ́n, mo sì rò pé ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n gírámù nílé kò ní ìdí láti fọwọ́ kàn án. Ọtí kíkan táwọn mìíràn ń dà sómi ńkọ́? Díẹ̀ kò lè pa wọ́n lára, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí gidi pé ó ń wo àjẹsí tó ti kan sàn.

Oríṣi kẹta ni àjẹsí jíjọ̀, èyí tó ti nà kọjá ibi tó lè padà. Ooru máa ń fà á: omi tán nínú abọ́ ní ọ̀sán gangan, wọ́n tún bu omi wá, gbogbo wọn rọ́ lù ú, wọ́n mu àmujù. Àwọn kan sì jogún rẹ̀, wọ́n ti rí i nínú tòlótòló pé ó ń bá ìdílé rìn. Kò sí oògùn rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń sin adìyẹ fún ìfẹ́ ń ra kọ́mú fún un láti gbé àjẹsí náà sókè. Ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n ń tà á lóòótọ́. Ní Abobo, ọbẹ̀ kédjénou ni mo máa gbà yín nímọ̀ràn, kí ẹ sì má fi ẹyin irú adìyẹ bẹ́ẹ̀ sàba.

Títí dé ibi tí a dé yìí, àjẹsí ni mo ń pè ní aláìsàn. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ ẹlẹ́rìí lásán. Yorùbá ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀; àrùn tó wà níbòmíràn sì lè dá àjẹsí dúró. Lúkúlúkú ń ṣe é: ẹ gbé adìyẹ, omi rírùn ń dà ní ẹnu rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀ọ̀, òmíràn lọ́ ọrùn. Àrùn Marek ń rọ iṣan tó ń darí àjẹsí, ẹsẹ̀ kan á lọ síwájú, èkejì á wà lẹ́yìn. Aràn tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Capillaria ń wọ ara ògiri rẹ̀, ó sì ń mú un nípọn. Ọ̀nà tí mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kò le. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì nínú igba, ẹ wá ohun tó jẹ. Bí ó bá jẹ́ ogún ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, ẹ gbàgbé òróró àti ìfọwọ́rà, ẹ ti ilẹ̀kùn àgò, ẹ má ta ọ̀kankan, ẹ pe àwọn dókítà ìjọba. Ní oṣù kẹrin 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn adìyẹ H5N1 ní Côte d'Ivoire, Àbíjàn náà ni. Ní 2021 ó tún yọ ní àgbègbè Grand-Bassam, tí kò jìnnà. Àrùn yẹn ń mú ènìyàn pẹ̀lú.

Fún àwọn tó ń ra adìyẹ tó ti dàgbà lọ́jà láti fi kún tilé, ọgbọ́n àwọn tó ń tà á ni pé wọ́n á fi àgbàdo kún un ní àjẹsí ní ìdájí kí àyà rẹ̀ lè dà bí èyí tó sanra. Ẹ fi ọwọ́ gba abẹ́ àjẹsí, ẹ wá eegun àyà. Bí eegun náà bá mú bí ẹ ṣe ń fọwọ́ tọ̀ ọ́, ohun tí ẹ rí lókè kì í ṣe ẹran. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kó tó jẹun, bóyá àgbàdo yẹn ti sọ̀ kalẹ̀.

Yàrá àyẹ̀wò tó ń rí sí àrùn ẹran, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ LANADA, wà ní Bingerville, ìlú tó jẹ́ olú-ìlú kí Àbíjàn tó gbà á ní àwọn ọdún 1930. Bí àrùn kan bá ń dà yín láàmú, òkú adìyẹ ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé lọ, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ gbé e lé yìnyín. Ẹ má jẹ́ kó dì, nítorí ẹran tó ti dì kì í jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì tó ṣì wà láàyè, tí ara rẹ̀ kò yá, kún un, àti ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ láti ìdí àpò. Ẹ mú páálí gbogbo oògùn tí ẹ ti lò dání, títí kan èyí tí ẹni tó tà á fún yín ti fa orúkọ rẹ̀ ya.